Ọdún Olódún: Kí Ni Ọmọ Yorùbá Ń Wá ní Kánífà Lọ́ńdọ̀nù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí kì í ṣe èébú fún àlejò. Ìkìlọ̀ ni fún un pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìlú onílùú kò tíì di òye títí yóò fi béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, òwe náà a máa ṣẹ mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lára ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti oníṣòwò, wọn a bọ́ sí ojú pópó Notting Hill láàárín èrò tí a sábà máa ń fojú bù sí mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a jó, wọn a jẹ àgbàdo sísun àti adìyẹ tí a fi ata yan, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sílé. Bí a bá bi wọ́n léèrè ní ọjọ́ kejì pé ọdún ta ni wọ́n lọ bá ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò wí ni pé, "Ọdún àwọn Jàmáíkà ni." Ìdáhùn náà kò tilẹ̀ tọ̀nà.

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ni àǹfààní ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún ni ọdún, ijó sì ni ijó. Ọ̀ràn náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà tí ó bá ń fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn bọ̀wọ̀ fún àṣà tirẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi ẹsẹ̀ gbá àṣà ẹlòmíràn kọjá bí ẹni tí ń kọjá lórí koríko. Èkejì tí ó sì wúwo jù ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni a ti bí sí òkè òkun báyìí, tí wọn kò mọ ọdún kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Wọ́n ń wo Kánífà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń wo ayẹyẹ òbí wọn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú Kánífà lè jẹ́ oògùn fún àìsàn yìí, bí a bá lè ṣí ojú wò ó.

Ìdí ọdún náà wà ní erékùṣù Tírínídáàdì, nínú òkun Kàríbíánì. Ní ọdún 1783, ọba Sípéènì ṣí ilẹ̀kùn erékùṣù náà sílẹ̀ fún àwọn olóko tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti ibòmíràn. Àwọn ará Faransé rọ́ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrú adúláwọ̀ wọn. Àwọn olówó ẹrú wọ̀nyí a máa ṣe àríyá kí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀; wọn a fi ìbòjú bo ojú, wọn a sì máa lọ láti ilé ẹnì kan dé ilé ẹnì kejì. Ẹrú kò ní ìpín nínú rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí oko ẹrú ní ọdún 1834, tí ìdè tó ṣẹ́ kù sì já ní ọdún 1838, àwọn tí a dá sílẹ̀ jáde sí ojú pópó, wọ́n sì gba ọdún náà ṣe. Wọ́n gbé ògùṣọ̀, wọ́n lu ìlù, wọ́n ta ọ̀pá, wọ́n sì fi ìwọ́de ṣe ìrántí àwọn òru tí a máa ń lé wọn dìde láti lọ sí oko ìrèké tí iná ń jó. Kambulé ni orúkọ tí wọ́n pe ìwọ́de náà, ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ìrèké jíjó ni wọ́n sì ti mú un jáde.

Ìjọba amúnisìn kò fi ojú rere wò ó. Ní ọdún 1881, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọlọ́dún wọ̀yá ìjà ní Port of Spain, olú-ìlú erékùṣù náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí òfin fi jáde láti dẹ́kun ìlù lílù àti ògùṣọ̀ gbígbé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìlù jẹ́ fún ènìyàn dúdú yóò mọ̀ pé àfi bí ìgbà tí a gé ahọ́n odidi ìlú ni òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dákẹ́. Wọ́n gé ọparun gígùn àti kúkúrú, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀kan lu èkejì, ohùn rẹ̀ sì dípò ìlù aláwọ. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tálákà bẹ̀rẹ̀ sí lu agolo àti ìdérí irin. Nígbà tó ṣe, wọ́n mú àgbá irin tí a fi ń rọ epo, nítorí ilẹ̀ elépo ni Tírínídáàdì. Wọ́n gé e, wọ́n fi òòlù lu ojú rẹ̀ wọnú, títí tí irin kan ṣoṣo fi ń fọ ohùn oríṣiríṣi. Bí ohun èlò orin tí a ń pè ní páànù ṣe wáyé nìyẹn. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ láti máa fi yẹ́ ẹ sí káàkiri ayé. Ohun tí a fi òfin dè ní ìgbà kan ni gbogbo ayé wá ń kan sáárá sí.

Ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì pátápátá nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn a máa gba àwọn ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́rú lójú òkun. A kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn tí a gbà bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Tírínídáàdì, Yorùbá tí ogun abẹ́lé fọ́n ká sì pọ̀ nínú wọn. Títí di òní olónìí ni a ń bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun ní erékùṣù náà, tí a sì ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọrin sí wọn. Nínú Kánífà, a máa ń rí àwọn tí ń jó lórí igi gíga, Moko Jumbie ni orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá ti rí àgéré ní Èkó tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rí kò ní í ṣe háà nígbà tí ó bá rí wọn. Kò yẹ kí Yorùbá tìtorí èyí máa pariwo pé òun ni ó ni Kánífà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà, àwọn ará Faransé àti àwọn ará Íńdíà ni wọ́n jọ fi ọwọ́ sí ohun tí Tírínídáàdì jẹ́ lónìí. Ó tó kí ó mọ̀ pé ìbátan ni òun lọ kí.

Bí ọdún náà ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù tún jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 1948 tí ọkọ̀ Empire Windrush ti gúnlẹ̀, àwọn ará Kàríbíánì ń rọ́ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣiṣẹ́, nítorí ogun àgbáyé kejì ti ba ilẹ̀ náà jẹ́, òṣìṣẹ́ sì wọ́n wọn. Àdúgbò Notting Hill nígbà náà kì í ṣe ibi tí olówó ń gbé bí ó ti rí lónìí. Yàrá híhá, ilé jíjẹrà àti owó ilé gọbọi ni ìpín ènìyàn dúdú níbẹ̀. Àwọn onílé mìíràn tilẹ̀ ń kọ ọ́ sí ojú fèrèsé pé àwọn kò gba ènìyàn dúdú. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun dìde, wọ́n ń lépa àwọn adúláwọ̀ kiri àdúgbò náà fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ń fọ́ ilé wọn.

Obìnrin kan tí a ń pè ní Claudia Jones ni ó wá ọgbọ́n kan sí ìbànújẹ́ náà. Tírínídáàdì ni a ti bí i ní ọdún 1915, Amẹ́ríkà ni ó ti dàgbà, ìjọba Amẹ́ríkà sì lé e jáde ní ọdún 1955 nítorí èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú. Ó dá ìwé ìròyìn West Indian Gazette sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sí gbọ̀ngán ìlú St Pancras láti ṣe Kánífà. Inú ilé ni wọ́n ti ṣe é nítorí òtútù. Apá kan nínú owó tí a rí níbẹ̀ ni a pinnu láti fi ran àwọn ọ̀dọ́ tí ilé-ẹjọ́ bu owó ìtanràn fún nítorí rògbòdìyàn náà lọ́wọ́, àti dúdú àti funfun. Kí olùkà ronú sí èyí. Ìyà ṣì ń jẹ ènìyàn, ó sì ń fi owó ijó gba ọmọ ẹni tí ó lù ú sílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1959 yẹn kan náà, wọ́n gún Kelso Cochrane pa lójú ọ̀nà ní àdúgbò náà. Káfíńtà ni, ọmọ erékùṣù Àǹtígúà. Èrò tí ó ju 1,000 lọ tẹ̀ lé òkú rẹ̀ lọ sí ìtẹ́. Títí di òní, ilé-ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀. Claudia Jones fúnra rẹ̀ kú ní òpin ọdún 1964, kò sì rí ọjọ́ tí ọdún náà jáde sí ìta. Ní ọdún 1966 ni Rhaune Laslett, obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn aládùúgbò, ṣètò àjọ̀dún fún àwọn ọmọdé Notting Hill láìwo àwọ̀ wọn. Russell Henderson, ọmọ Tírínídáàdì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé páànù kọ́ ọrùn, wọ́n ń lù ú lọ ní ojú pópó, àwọn ènìyàn sì ń jáde láti inú ilé tẹ̀ lé wọn. Ginger Johnson, onílù ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tí wọ́n fi ìlù dá àjọ̀dún ìbẹ̀rẹ̀ náà lára yá. Ọmọ Nàìjíríà mélòó ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó mọ èyí? Láti ọdún 1973 ni Leslie Palmer, tí òun náà jẹ́ ọmọ Tírínídáàdì, ti sọ ọ́ di ńlá. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ aláṣọ ijó láti erékùṣù gbogbo, ó sì gba àwọn ará Jàmáíkà láàyè láti gbé ẹ̀rọ orin wọn kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀dọ́ àti ọlọ́pàá ní ọdún 1976, àwọn kan sì ń kígbe pé kí a fòfin de ọdún náà. Kò kú. Àrùn Kòrónà nìkan ni ó lé e kúrò lójú pópó, ní ọdún 2020 àti 2021.

Ohun tí àlejò kì í rí nínú gbogbo èyí ni iṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni èrò ń rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni onílé fi ń ṣe é. Nínú yàrá abẹ́ ilé, nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìyá àgbà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé àti àwọn ọmọdé a jókòó yí tábìlì ká. Wọn a gé aṣọ, wọn a tẹ wáyà, wọn a lẹ ìyẹ́, wọn a sì gun ìlẹ̀kẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a yan ìtàn tàbí èrò kan tí aṣọ rẹ̀ yóò fi hàn ní ọdún náà. Máàsì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Àwọn onípáànù a máa ṣe ìdánrawò lálaalẹ́, wọn a sì díje ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú. Akọrin kàlípísò a máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá ìjọba àti àwọn gbajúmọ̀ wí, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀fẹ̀ ṣe ń ṣe ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu. Ọjọ́ Àìkú ni a fi fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n lè kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà. Láti ìgbà tí iná ti jó ilé gogoro Grenfell ní àdúgbò náà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, tí ó sì pa ènìyàn 72, àwọn ọlọ́dún ti ń dá orin dúró ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí wọ́n sì ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti rántí wọn. Ẹni tí kò mọ ìdí ìdákẹ́ yẹn a máa pariwo pé kí ló ba ẹ̀rọ wọn jẹ́.

Oríṣi ọmọ Yorùbá méjì ni ó ń ṣi ọdún yìí lò. Ìkíní ni òbí tí ó kórìíra rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n. Yóò wí fún ọmọ rẹ̀ pé ìhòhò ni wọ́n ń rìn níbẹ̀, pé igbó ni wọ́n ń mu, pé ọ̀bẹ ni wọ́n ń fà yọ. Kò yẹ kí a pe òbí bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́. Ní ọdún 2024, wọ́n gún ìyá ọlọ́mọ kan lọ́bẹ níbẹ̀ níṣojú ọmọ rẹ̀ kékeré, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ọdún tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn kan, ojúṣe àwọn tí ń darí Kánífà àti ti ìjọba sì ni láti dáàbò bo àwọn èrò. Ṣùgbọ́n kí àgbà tí ń sọ̀rọ̀ rántí ilé. Ṣé àwọn ọmọ ẹ̀yìn eégún kì í fi pàṣán àti kùmọ̀ bá ara wọn jà ní ojú pópó ìlú wa? Ṣé ní ọjọ́ Òkèbàdàn, àwọn ará Ìbàdàn kì í kọ àwọn orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn ní ọjọ́ mìíràn? Àwọn baba wa mọ̀ pé ó dára kí ìlú ní ọjọ́ kan tí a óò tú ìjánu ẹnu sílẹ̀, kí ọjọ́ tó kù nínú ọdún lè tòrò. Bí a bá lè rí ọgbọ́n inú Òkèbàdàn, kò yẹ kí ojú wa fọ́ sí ọgbọ́n inú Kánífà.

Oríṣi kejì ni ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ láìbọ̀wọ̀ fún un. Yóò já wọ àárín ẹgbẹ́ aláṣọ ijó láìgba àyè, yóò fi ọwọ́ kan obìnrin tí kò fún un láyè, yóò da ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́nu ọ̀nà, yóò sì wí pé Kánífà ni, ohun gbogbo ló bófin mu. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ rántí Ẹ̀yọ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ tí Àdàmú Òrìṣà bá jáde, bàtà kò gbọdọ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ di ṣùkú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu sìgá. Bí òyìnbó bá rú òfin yìí, òpámbàtà lè sọ̀kalẹ̀ sí i lẹ́yìn, ọmọ Èkó yóò sì wí pé ó tọ́ sí i, nítorí kò béèrè. Báwo ni a ó ṣe wá fẹ́ kí àlejò bọ́ bàtà ní Ìdúmọ̀tà, kí àwa sì wọ bàtà eruku lọ sí Ladbroke Grove? Àṣà kan kò ju èkejì lọ ní ti ọ̀wọ̀. Àlejò rere a máa béèrè ibi tí ó yẹ kí òun dúró, a máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ ará àdúgbò, a máa dákẹ́ nígbà tí onílé bá dákẹ́, a sì máa lọ sílé nígbà tí a bá pa orin.

Èyí ni ti ìwà àlejò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó kù. Bí a bá fi ojú inú wò ó, àwọn ará Kàríbíánì ṣe ohun mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù tí Yorùbá ibẹ̀ kò tíì ṣe dáradára. Wọ́n gba kí àkókò ọdún yí padà láti ìgbà Lẹ́ǹtì sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọdún tí òtútù ń pa kò lè pẹ́. Wọ́n gbé e jáde sí gbangba dípò kí wọ́n tì í mọ́lé. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé wọ́n fi ọmọdé ṣíwájú nínú rẹ̀, tí ọmọ ọdún méje ní aṣọ tirẹ̀, ìlà tirẹ̀ àti ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ wá wo àríyá Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. A ó háyà gbọ̀ngán, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó bẹ àwọn alásè lọ́wẹ̀ lówó, olórin yóò ki àwọn olówó, a ó sì máa ná owó mọ́ ọn lórí. Ohun tí ó dára ni, ó sì ń so ẹbí pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀? Ó jókòó sí ìdí tábìlì, ó ń tẹ fóònù. Kò lu ìlù, kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ìlù ń wí, kò rán aṣọ, kò mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá kọjá lọ lọ́la, gèlè àti fìlà tí ó wà nínú àpótí nìkan ni ogún tí ó kù. Ní ilé, ọmọ agbo ilé Ọ̀jẹ̀ a máa mọ ẹ̀kú láti kékeré. Yóò gbé ọ̀pá ṣíwájú eégún, yóò kọ́ iṣẹ́ atọ́kùn, yóò gbọ́ ẹ̀sà lẹ́nu àwọn àgbà, ìgbà tí ó bá sì dàgbà, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá a sọ pé àṣà rẹ̀ dára. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn ará Kàríbíánì gbé la òkun já nìyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá sì gbàgbé sí pápákọ̀ òfuurufú nìyẹn.

Kò sí àní-àní pé àwọn kan yóò wí pé Yorùbá ní ilé tí wọ́n lè padà sí, pé wọn kò nílò láti gbin ọdún sí ilẹ̀ àjèjì. Òótọ́ ni pé bí ó ti wù kí àjò dùn tó, onílé yóò re ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Peckham kò mọ ilé tí a ń wí. Ìtàn tiwa tilẹ̀ fi hàn pé àṣà tí a bá gbé dání dáradára lè lọ kí ó sì bọ̀. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíìlì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà bọ̀, wọ́n mú oúnjẹ bọ̀, wọ́n sì mú Kàrétà, ọdún ìbòjú tiwọn, bọ̀ wá sí Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń ṣe Kánífà títí di òní. Bàyíà náà kò gbàgbé: ní ọdún 1974, àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní ìlú Salvador dá ẹgbẹ́ Kánífà kan sílẹ̀, orúkọ Yorùbá ni wọ́n sì sọ ọ́, Ilê Aiyê. Bí ọmọ ọmọ ẹrú bá lè fi Ilé Ayé ṣe orúkọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran, ojú ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú lọ, tí kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀ pè.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó wà nílé pẹ̀lú. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ti ń ṣe Kánífà kiri. A ń ra ìyẹ́ aláwọ̀ mèremère, a ń wọ̀ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, a sì ń pe àwọn oníṣẹ́ ìròyìn. Kò sí ibi nínú kí ìlú jó. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gba èso ìbátan wa kí a sì gbàgbé gbòǹgbò rẹ̀. Ọdún tí owó ìjọba nìkan ń gbé dúró yóò ṣubú ní ọjọ́ tí ìjọba bá yí padà. Ọdún tí àdúgbò fi abẹ́rẹ́ rán ni ó ń la ọdún òfin, ọdún ìjà àti ọdún àrùn já. Notting Hill pàápàá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́: ní ọdún 2025, àwọn tí ń darí rẹ̀ kígbe sí ìjọba pé bí owó ààbò kò bá sí, ọjọ́ iwájú ọdún náà wà nínú ewu. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n tọrọ. Wọn kò fi ọdún náà lé ìjọba lọ́wọ́.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí oṣù kẹjọ bá ń bọ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ aláṣọ ijó kan rí ní oṣù kẹfà, kí ẹ bá wọn gún ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó bá rán ẹ̀wù kan yóò mọ Kánífà ju ẹni tí ó jó níbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìtàn Claudia Jones àti ti páànù kún ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ nílé àti lẹ́yìn odi, nítorí ìtàn ẹbí ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ bu ìdá mẹ́wàá nínú owó tí ẹ ń ná sí gbọ̀ngán, kí ẹ fi ra gángan àti bàtá, kí ẹ sì gba ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ wá ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọmọ fúnra wọn yóò jáde sí ọgbà ìtura, tí wọn yóò lu ìlù tí wọ́n ti kọ́, tí wọn yóò ki oríkì ilé wọn, kí àgbà sì jókòó, kí wọ́n máa wò wọ́n. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe fi ẹ̀gàn dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tí ó fẹ́ lọ wo ọdún olódún. Ẹ bá a lọ, kí ẹ sọ fún un ohun tí ó jọ tiwa níbẹ̀ àti ohun tí kò jọ ọ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá ní ọdún tirẹ̀ kì í jowú ọdún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, kì í sì í fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, yóò lọ bá a ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, yóò sì lè wí fún un pé, "Ìwọ náà, wá wo tèmi lọ́la." Ọjọ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè òkun bá lè sọ gbólóhùn yẹn tọkàntọkàn, ọjọ́ náà ni àlejò yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú rẹ̀ ríran.